Búlútúùtù inú Bọ́ọ̀sì Ràṣídì

Họ́ọ̀nù ọkọ̀ ló mú mi dìde lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kì í ṣe èyí tí àwọn onímọ́tò máa ń fún lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì láti fi kí ojúlùmọ̀. Èyí ò dáwọ́ dúró rárá, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ní Itamaga ló sì ti ń dún. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì ti ń pariwo pé ta ni wèrè yẹn láàárọ̀ kùtù. Mo jáde, mo bá bọ́ọ̀sì funfun kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, tí wọ́n gúnlẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, dẹ́rẹ́bà sì dorí kọ sítíárìn. Mo rò pé ó ti kú ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo gbé orí rẹ̀ kúrò lórí họ́ọ̀nù, mo wá mì ín léjìká. Ó lajú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Ó ní, "Ṣé a ti dé Ẹ̀pẹ́ ni?"

"Ẹ̀pẹ́ wo? Itamaga lo wà. Ara ẹ yá báyìí?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ojú sì tì í. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni Ọ̀gá Táyé rẹ́wáyà? Búlútúùtù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi fi sí rédíò ọkọ̀ yìí."

Bí mo ṣe mọ Ràṣídì nìyẹn. Ọpẹ́ ni pé kò sí èrò kankan nínú bọ́ọ̀sì lákòókò yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló kúkú ń bọ̀, àmọ́ bó ṣe tẹ búréèkì báyìí ni oorun gbé e lọ, kò tiẹ̀ ráyè yí kọ́kọ́rọ́.

Rẹ́wáyà ni wọ́n ń pè wá, àwa tí à ń tọ́jú iná inú ọkọ̀. Ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nínú mọ́tò, tiwa ni. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú kirikiri, ọrùn mi ni ẹ lè bi bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí kó lọ sùn sẹ́yìn nínú mọ́tò kékeré, kó ki orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó yọ ẹsẹ̀ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, kó wá máa wá wáyà pupa kan láàárín wáyà pupa rẹpẹtẹ. Ó rẹ̀ mí. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìròyìn akọni ni mo fẹ́ ròyìn.

Láyé ọjọ́un, iná iwájú tí ò tàn, bátìrì tó ń kú àti ọkọ̀ tí ò fẹ́ jí láàárọ̀ ni wọ́n fi ń wá wa. Ní báyìí, ìdajì àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè. Ọkọ̀ wọn ti gbó, rédíò inú rẹ̀ sì jẹ́ oníkásẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì ti kógbá sílé. Inú fóònù ni gbogbo orin wà. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí fóònù mi máa bá rédíò yìí sọ̀rọ̀." Ọ̀nà tó wà ò pọ̀. A lè yọ rédíò àtijọ́ dànù ká fi tuntun síbẹ̀. A lè ki nǹkan kékeré kan bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, kó máa gba orin láti inú fóònù, kó sì máa gbé e sórí rédíò bí ẹni pé iléeṣẹ́ rédíò kan ló ń kọ ọ́, àmọ́ ìyẹn máa ń ha bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Ọ̀nà kẹta ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹ ó tú rédíò náà, ẹ ó wá ojú ibi tí ohùn kásẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, ẹ ó wá jó pátákó búlútúùtù kékeré mọ́ ọn níbẹ̀. Lójú, rédíò náà ò yí padà. Nínú, ó ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó béèrè ẹ̀ ló mọ ohun tó ń béèrè. Ọ̀gbẹ́ni kan wà nínú ẹ̀sítéètì kan lẹ́yìn ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ báńkì ló ń jáde lọ ṣe ní Èkó lójoojúmọ́. Mo bá a fi búlútúùtù sí ọkọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ti ṣáná sí i, ó ń dúró dè é. Ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò mọ̀ pé fóònù ti so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Inú ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni ohùn ìyá rẹ̀ ti ń jáde, tó ń béèrè pé, "Ọbẹ̀ ìyàwó ẹ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti dáa díẹ̀ báyìí?" Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin náà ti dé ọ̀dọ̀ mi pé kí n yọ nǹkan burúkú yìí. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ pè mí pé òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, kí n fi í síbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ọ̀rọ̀ Ràṣídì ò jọ ìyẹn. Mo bi í léèrè irú orin tó ń gbọ́, kí n lè mọ irú sípíkà tó máa gbé e. Ó ní irú orin tó bá ṣáà ti wà ni. Mo ní ṣé àwọn èrò rẹ̀ ló ń béèrè orin ni. Ó ní àwọn èrò ò béèrè nǹkan kan, oorun ni wọ́n ń sùn. Mo fa bẹ́ǹṣì fún un, mo ra búrẹ́dì àti tíì lódìkejì, ẹ̀yìn tó mu tíì náà tán ló tó là á fún mi.

Iléeṣẹ́ kan ní ọgbà àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Ìkòròdú ló ni bọ́ọ̀sì náà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ àti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, torí náà Ràṣídì ni yóò kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán wá láàárọ̀, yóò sì kó àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú padà sílé. Nírọ̀lẹ́, yóò tún tún un ṣe. Àwọn méjì ni wọ́n jọ ń pín in tẹ́lẹ̀. Èkejì rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, iléeṣẹ́ ò sì gba ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí Ràṣídì ṣì máa dì í mú ná. Láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kó fi sinmi, wọ́n tún ń rán an ní ọjà rírà káàkiri. Ní ọjọ́ kan, nígbà tó ń kó àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú lọ sílé, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ìtóìkín, oorun gbé e. Ìgbà tó lajú, táyà ẹ̀gbẹ́ kan ti bọ́ sínú koríko, típà tó kó yanrìn sì ń kọjá lára wọn gbìrìrì. Ó fa sítíárìn, Ọlọ́run sì yọ wọ́n.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n rò pé mo yà fún kòtò ni. Ìyá kan tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún mi pé ojú mi ò ní fọ́."

"O ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ pé mo sùn? Tí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ìyàwó mi wà nílé, ọmọ mẹ́ta, ìyá mi tí ò lè dìde. Ẹ ṣáà bá mi wá nǹkan tí ò ní jẹ́ kí n sùn."

Mo fẹ́ sọ fún un pé rẹ́wáyà ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Bó ṣe ń wo rédíò àtijọ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an ló gbójú lé.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọ̀gá Múfútáù, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ní ìwà kan tó máa ń bí wa nínú nígbà tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í jẹ́ ká tú súkúrù kankan kó tó bá onímọ́tò jókòó sínú ọkọ̀, kó sì bá a lọ síbi tó ń lọ. Alhaja kan gbé ọkọ̀ wá nígbà kan pé sípíkà òun ń pariwo. A tú gbogbo ilẹ̀kùn, a ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá ní kí Alhaja wa òun lọ sójú ọ̀nà Ṣágámù. Ìgbà tí wọ́n máa fi padà dé, ọwọ́ ọ̀gá ti mú ìdè kọ́kọ́rọ́ kan dání. Inú àwo tí wọ́n ń da eérú sìgá sí ló ti ń mì gbọ̀ngbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Láti ìgbà náà, n kì í ṣiṣẹ́ rédíò kankan láì kọ́kọ́ gun ọkọ̀ náà. Mo sọ fún Ràṣídì pé màá bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú ni mo jókòó sí. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú jáde lẹ́nu géètì iléeṣẹ́, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ iṣẹ́ wọn ń rùn ike gbígbóná. Ìyá kan tí ara rẹ̀ le, tó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà gan-an. Ìyá Wàsíù ni wọ́n ń pè é, àyè rẹ̀ ni ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a dù ú. Ó kí mi, ó bi mí ẹni tí mo jẹ́.

Ràṣídì tètè dáhùn, "Rẹ́wáyà ni wọ́n, ìyá. Wọ́n fẹ́ tún rédíò ṣe."

"Rédíò kẹ̀? Àwa tá à ń wá oorun. Ẹ má jẹ́ kó ké ju bó ṣe yẹ lọ o."

Ìgbà tá a máa fi kọjá Itamaga, gbogbo wọn ti sùn. Orí ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn, ẹnu àwọn mìíràn là sílẹ̀. Ọkùnrin kan gbé orí lé èjìká ẹni tí kò mọ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó bínú. Mo wá ń wo Ràṣídì. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ó da omi sọ́wọ́, ó fi bọ́jú. Ó ń jẹ ẹ̀pà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó fa etí ara rẹ̀ débi pé etí náà pọ́n. Ọ̀nà jìn, oòrùn àárọ̀ ń tàn sójú wa, ìmí àwọn tó ń sùn sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ní ìdákẹ́jẹ́. Èmi tí mo sun oorun àṣùngbádùn lálẹ́ àná, ojú mi ń wúwo. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé atẹ́gùn ni.

Ó kéré tán, mo ti mọ ibi tó yẹ kí ohùn wà. Etí ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó dé. Mo tú rédíò náà lọ́jọ́ ìsinmi wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ burú. Rẹ́wáyà tó ṣe é ṣáájú mi ti gé gbogbo wáyà, ó lọ́ wọn pọ̀, ó sì fi ọ̀rá wé wọn. Mo tún wọn jó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo so pátákó búlútúùtù mọ́ ojú ọ̀nà kásẹ́ẹ̀tì. Mo fi máìkì kékeré kan sókè ibi tí orí Ràṣídì máa ń wà, kó lè dáhùn ìpè láì gbé fóònù sétí. Mo gbé sípíkà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí àga rẹ̀, mo sì fi kọ́nọ́ọ̀bù kan sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá yí i sápá òsì, òun nìkan ni yóò gbọ́. Tó bá yí i sápá ọ̀tún, gbogbo bọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mo tàn án, nǹkan kan ń hu wíín nínú sípíkà, bí mo bá ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ iná ọkọ̀ ni huhu náà ń ga sí i. Ọjọ́ ọ̀hún lọ lórí ìyẹn nìkan. Ẹ́ẹ̀tì ni kò dáa, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀. Mo ha irin náà títí ó fi funfun, mo de wáyà tuntun mọ́ ọn, huhu náà sì dákẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ náà dára. Ọ̀gá Múfútáù ì bá mirí sí i.

Ràṣídì pè mí ní ọjọ́ mélòó kan sí i, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀. Ojú òun dá, ó ní, òun sì ń kọ orin tẹ̀lé e lábẹ́lẹ̀. Mo sùn dáadáa lóru yẹn.

Kò pẹ́ tí ayọ̀ náà fi dínkù. Ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, etí mi ti mọ orin yẹn o. Ó ti ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ọmọdé."

"Wá èyí tó le."

"Mo ti gbọ́ èyí tó le. Mo gbọ́ wáàsí àfáà kan tó máa ń pariwo, tó ń pe iná ọ̀run lórúkọ. Mo sùn sínú iná ọ̀run náà."

A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn. Ó wá sọ ohun kan. Ìgbà kan ṣoṣo tí ojú òun máa ń dá kedere, ó ní, ni tí ẹnì kan bá pe òun, tó bi òun ní nǹkan, tó sì ń dúró kí òun fèsì. Mo ní kò burú, èmi ni màá máa pè é.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń pe dẹ́rẹ́bà láràárọ̀ nìyẹn, ní àkókò tí wọ́n bá ń sún mọ́ Ìtóìkín. Màá ní, "Ràṣídì, kí lo jẹ lánàá?" Yóò dá mi lóhùn. "Kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ àgbà?" Yóò ronú, yóò sọ ọ́. Mo bi í ní orúkọ gbogbo oríṣi ẹja tí wọ́n ń tà ní Ọjà Olúwo tó wà ní Ẹ̀pẹ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe èyí tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí ìbéèrè tán lẹ́nu mi, mo ní kó máa dárúkọ gbogbo ibi tó ń kọjá fún mi. Àwọn oníbàárà mi ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ya wèrè.

N kò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Èèyàn ló kún inú bọ́ọ̀sì yẹn, wọ́n ń sùn, wọ́n fọkàn tán an, èmi sì mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Ọlọ́kadà kankan ò gbọdọ̀ dárúkọ jàǹbá níwájú mi kí n má béèrè àwọ̀ ọkọ̀ náà. Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ fún iléeṣẹ́ wọn. Mo gbéra lẹ́ẹ̀kan, mo tiẹ̀ wọ bàtà, mo wá rántí ìyá rẹ̀ tí ò lè dìde, mo bọ́ bàtà. Mo bẹ Ràṣídì pé kó sọ fún àwọn èrò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi láyè." Àyè náà ni mo ń fún un, àyà mi sì ń já lójoojúmọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Iléyá ni gbogbo rẹ̀ tú. Iléeṣẹ́ ti fún wọn nísinmi, inú gbogbo wọn dùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn. Wọ́n bẹ Ràṣídì kó jẹ́ kí orin dé ẹ̀yìn lọ́jọ́ yìí nìkan, ó sì yí kọ́nọ́ọ̀bù sápá ọ̀tún. Gbogbo èyí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ọ. Nígbà tí àkókò tó, mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é. Ó ti gba ìpè náà kó tó rántí kọ́nọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Ràṣídì! Ṣé ojú ẹ dá? Jọ̀ọ́, má tún sùn lọ nídìí ọkọ̀ o. Rántí Ìtóìkín, níbi tí típà ti fẹ́ẹ̀ gbá gbogbo yín dànù."

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn obìnrin, ó hàn ketekete, mo sì mọ ẹni tó ni ín.

"Ta nìyẹn?"

Mo lè pa fóònù náà. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí rẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá Wàsíù. Rẹ́wáyà Itamaga."

"Ọjọ́ tá a bọ́ sínú koríko yẹn, ó sùn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó sùn."

"Ẹ̀yin sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Ariwo sọ ní ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan ń ké pé, "Dúró! Gúnlẹ̀ báyìí báyìí!" Ẹlòmíràn ń pe Ọlọ́run. Fóònù já. Mo tún pè é, kò lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà, mo ní kí ọlọ́kadà máa lọ sójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ títí tá a ó fi rí bọ́ọ̀sì funfun. Ẹ̀yìn ń ro mí ní gbogbo kòtò. Ohun tí mo ń rò lójú ọ̀nà ò dáa. Mo rí i lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń fa aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá iléeṣẹ́. Mo rí ìyàwó rẹ̀ tí n kò mọ̀ rí. Èmi tí mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọdún ku ọ̀la.

Bọ́ọ̀sì náà wà létí ọ̀nà, kò jìn sí Ìtóìkín, lábẹ́ igi káṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jókòó káàkiri lórí koríko, àwọn kan lórí àpò ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n rà fún ọdún, àwọn kan fẹ̀yìn ti igi. Ọkùnrin kan ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ lórí fóònù, jẹ́jẹ́, pé òun máa pẹ́ díẹ̀. Kò sí ariwo. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

Ìyá Wàsíù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ó gbé ìka sí ètè.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ń sùn."

Mo yọjú. Ràṣídì nà gbalaja sórí àga gígùn ẹ̀yìn, wọ́n ti bọ́ bàtà rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi ìbòrí rẹ̀ bò ó lójú nítorí oòrùn. Ó ń hanrun.

Mo ní, "Ọdún ni o, Ìyá Wàsíù. Ẹ ò lọ sílé?"

"Ilé náà là ń lọ. Tó bá jí, á gbé wa lọ." Ó wò mí tìbínú-tìbínú díẹ̀. "Ẹ bá ti sọ fún wa. Ṣé ẹ rò pé àwa ò mọ oorun ni? Àwa tá à ń dúró ti ẹ̀rọ mọ́jú?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń rò."

"Àwa náà ń rò ó. Àmọ́ ẹ̀mí wa náà ńkọ́? Tá a bá wọlé lẹ́yìn ọdún, gbogbo wa la jọ máa lọ bá wọn pé kí wọ́n gba dẹ́rẹ́bà kejì. A ò ní dákẹ́ títí wọ́n á fi gbà á. Títí dìgbà náà, ibí yìí la ó máa dúró láràárọ̀, kó sun díẹ̀. Wọn ò lè lé gbogbo wa."

N kò mọ̀ bóyá wọn ò lè lé wọn. Òun náà ò mọ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú gírígírí.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wo rédíò yẹn, kí n—"

"Ẹ fi rédíò sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jókòó, ẹ̀yin náà ò jọ ẹni tó sinmi."

Ó sún àpò ata rẹ̀ fún mi. Mo fẹ̀yìn tì í pé kí n kàn sinmi díẹ̀, kí n tó wá ọ̀kadà padà. Nígbà tí wọ́n jí mi, oòrùn ti kúrò níbi tó wà, gbogbo èrò ti wà nínú bọ́ọ̀sì, Ràṣídì sì wà nídìí sítíárìn, ó ti bọ́jú, ojú rẹ̀ mọ́. Ìyá Wàsíù ní ó ti pẹ́ tó ti jí. Ràṣídì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà sùn díẹ̀ sí i.